Ìsọ̀ oògùn oko kan ní Kétu, àti ìgò mẹ́ta tó ń sé ọ̀nà púrótéènì mọ́ koríko

Ìsọ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, kò jìnnà sí ọjà, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó lọ sí Ìlárá. Oògùn oko ni wọ́n ń tà níbẹ̀: oògùn apakòríko, oògùn kòkòrò, irúgbìn àgbàdo díẹ̀, àti ajílẹ̀ tí wọ́n to àpò rẹ̀ jọ sẹ́nu ọ̀nà. Kò tóbi rárá, kò sì ní pátákó ńlá níwájú, síbẹ̀ àwọn àgbẹ̀ máa ń kọjá ìsọ̀ mẹ́ta mẹ́rin kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ìyá tó ni ín. Ìdí rẹ̀ ni pé ìyá náà kì í na ìgò sí èèyàn ní kété tó bá ti fi owó hàn. "Ẹ káàbọ̀, bàbá. Kí lẹ gbìn sínú oko ọ̀hún? Ṣé àgbàdo nìkan ni, àbí ẹ fi ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀wà sí i? Koríko yẹn ńkọ́, ṣé ó ti ga?" Ìgbà tí wọ́n bá gbọ́ èsì tán ni wọ́n máa ń nawọ́ sí pákó tí ìgò wà.

Ó yẹ kí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ jẹ́ àṣà gbogbo ẹni tó ń ta oògùn oko, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni kò bìkítà. Ní ìsọ̀ kan ní ìlú mìíràn, tí n kò ní dárúkọ, wọ́n ta ìgò kan fún àbúrò mi pẹ̀lú ìdánilójú pé kò sí koríko tí kò lè pa. Ó fín in sí oko tí àgbàdo àti ẹ̀wà jọ wà. Koríko kú lóòótọ́, àgbàdo sì dúró, ṣùgbọ́n kò rí ẹ̀wà ká ní ọdún náà. Oògùn náà kì í ṣe ayédèrú. Ẹni tó tà á ni kò mọ ohun tó ń ṣe nínú ewé, kò sì bi oníbàárà ní ohun tó wà lóko rẹ̀.

Ìgò mẹ́ta ni mo yẹ̀ wò dáadáa ní ìsọ̀ Kétu yìí. Àkọ́kọ́ ni èyí tí glyphosate wà nínú rẹ̀, èkejì ni ti nicosulfuron, ẹ̀kẹta sì ni ti glufosinate. Orúkọ tí àwọn ilé-iṣẹ́ fún wọn lórí ìgò pọ̀, ó sì ń yí padà bí ọjà ṣe ń wọlé láti Kútọnu tàbí láti òdìkejì ààlà, nítorí náà ohun tó wà nínú ìgò ni kí olùrà máa wò, kó má wo àwòrán àgbàdo tútù tó wà níta. Mo yan àwọn mẹ́ta yìí nítorí pé ibi kan náà ni gbogbo wọn dojú kọ: wọ́n ń dá iṣẹ́ tí ewé fi ń ṣe amínò ásíìdì dúró, tí koríko kò fi ní ohun tó máa fi kọ́ púrótéènì tuntun mọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti sé ọ̀nà náà yàtọ̀ síra, ìyàtọ̀ yìí ló sì ń sọ bóyá koríko máa yára kú tàbí kó pẹ́, bóyá gbòǹgbò máa kú pẹ̀lú ewé, àti irúgbìn wo ló máa là á já. Ẹni tí kò bá mọ ọ̀nà náà kò lè mọ ìgò tó yẹ kó rà.

Ohun ọ̀gbìn kì í jẹ ẹran, kì í jẹ ẹja. Gbogbo púrótéènì tó wà lára rẹ̀, láti orí èyí tó ń fa omi gba inú gbòǹgbò dé orí èyí tó ń mú ìmọ́lẹ̀ oòrùn nínú ewé, òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é. Amínò ásíìdì 20 ni a fi ń kọ́ púrótéènì, ewéko sì ń ṣe gbogbo wọn. Àwa èèyàn kò lè ṣe 9 nínú wọn, àfi kí a rí wọn nínú oúnjẹ: lysine, tryptophan, methionine, leucine, isoleucine, valine, threonine, phenylalanine àti histidine. Ìdí nìyí tí ẹ̀kọ àti àkàrà fi bá ara wọn mu, nítorí pé lysine kéré nínú àgbàdo, ó sì pọ̀ nínú ẹ̀wà, nígbà tí methionine kéré nínú ẹ̀wà, tó sì sàn díẹ̀ nínú àgbàdo. Àwọn ìyá wa ti ń jẹ méjèèjì pọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fún amínò ásíìdì ní orúkọ.

Láti inú ilẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí a bá fọ́n yúríà sídìí àgbàdo, àwọn ẹ̀dá tín-ín-tìn-ìn-tín inú ilẹ̀ á sọ ọ́ di amóníà, wọ́n á sì tún sọ púpọ̀ nínú rẹ̀ di náítíréètì, èyí tí gbòǹgbò máa ń fà pẹ̀lú omi. Náítíréètì kò wúlò fún ṣíṣe púrótéènì bó ṣe wà yẹn. Sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́ di náítíráìtì nípasẹ̀ ẹ́ńsáìmù kan (ìyẹn púrótéènì tó ń mú kí iṣẹ́ yára nínú sẹ́ẹ̀lì) tí kò lè ṣiṣẹ́ láìsí èròjà molybdenum, kó tó wá gbé náítíráìtì náà wọ inú klòròpílásítì, ìyẹn yàrá aláwọ̀ ewé tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ti ń di agbára, níbi tí ẹ́ńsáìmù mìíràn ti máa sọ ọ́ di amóníà. Elẹ́kítírọ́ọ̀nù 8, ìyẹn ẹyọ iná tín-ín-tín, ni ewé ń ná lórí náítíréètì kan ṣoṣo kó tó di amóníà, oòrùn ló sì ń san púpọ̀ nínú gbèsè náà. Kò yani lẹ́nu pé àgbàdo tí igi ńlá ṣíji bò kì í dára bí a tilẹ̀ da àpò yúríà méjì sí i.

Amóníà tó bá ti dé inú ewé kò gbọ́dọ̀ pẹ́ níbẹ̀, nítorí májèlé ni. Ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ́ glutamine synthetase ló ń mú un, tó sì ń so ó mọ́ amínò ásíìdì kan tó ń jẹ́ glutamate, tí wọ́n á fi jọ di òmíràn, glutamine. Ẹ́ńsáìmù kejì á gba náítírójìnì náà lára glutamine, á fi fún èròjà kan tó ti inú ṣúgà wá, glutamate méjì á sì jáde: ọ̀kan á padà lọ gba amóníà tuntun, èkejì á wà fún pípín. Láti ara glutamate yìí ni náítírójìnì ti ń lọ sára gbogbo amínò ásíìdì yòókù. Ìran ìran ni wọ́n: àwọn kan gba egungun wọn láti ara pyruvate, àwọn kan láti ara oxaloacetate, èròjà méjì tó ti inú ṣúgà wá, àwọn mẹ́ta tó ní òrùka lára sì gba ọ̀nà gígùn kan tó dá dúró fúnra rẹ̀. Nígbà tí gbogbo wọn bá pé ni ribosome, ẹ̀rọ kékeré inú sẹ́ẹ̀lì tó ń kọ́ púrótéènì, á to wọ́n jọ bí àṣẹ tó wà nínú DNA ṣe là á sílẹ̀. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú 20 bá ṣaláì sí, púrótéènì tó nílò rẹ̀ kò ní lè parí, àwọn 19 yòókù kò sì lè dípò rẹ̀. Orí èyí ni gbogbo owó tí à ń san ní ìsọ̀ yìí dúró lé.

Glyphosate ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, nítorí òun ni wọ́n ń tà jù. Ìlú Amẹ́ríkà ni John Franz, onímọ̀ kẹ́míkà ní ilé-iṣẹ́ Monsanto, ti rí i ní 1970 pé ó ń pa koríko, ó sì wọ ọjà ní 1974, ṣùgbọ́n ó di 1980 kí àwọn onímọ̀ méjì ní Jámánì tó fi hàn ní pàtó ibi tó ti ń dí sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́. Ọ̀nà tí phenylalanine, tyrosine àti tryptophan ń gbà jáde ni, èyí tí wọ́n ń pè ní ọ̀nà shikimate, tó ní ìgbésẹ̀ 7. Glyphosate dúró sí ìgbésẹ̀ kẹfà. Ẹ́ńsáìmù tó wà níbẹ̀ ní ibì kan lára rẹ̀ tí èròjà phosphoenolpyruvate máa ń jókòó sí kí iṣẹ́ tó lè lọ. Glyphosate á wá jókòó síbẹ̀ bí àlejò tó gba àpótí ìyá aláta lọ́jọ́ ọjà, tí kò rà, tí kò tà, tí kò sì dìde. Shikimate á wá máa kó jọ lẹ́yìn rẹ̀ nínú ewé, nígbà tí amínò ásíìdì mẹ́ta tó wà níwájú á gbẹ. Kì í ṣe púrótéènì nìkan ni ìyà rẹ̀ kàn, nítorí láti ara phenylalanine ni ewéko tún ti ń ṣe lignin tó ń mú kí igi rẹ̀ le.

Ohun tí àgbẹ̀ ń rí lóko bá èyí mu rẹ́gí. Lẹ́yìn tí a bá fín in tán, koríko á ṣì tutù fún ọjọ́ mélòó kan, nítorí púrótéènì tó ti ní tẹ́lẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ewé tuntun tó wà láàárín ni yóò kọ́kọ́ pọ́n tàbí kó funfun, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti nílò púrótéènì tuntun jù, ewé àgbà á sì tẹ̀ lé e. Koríko ọlọ́dún kan lè bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọ̀ padà láàárín ọjọ́ 4 sí 7, àwọn tí gbòǹgbò wọn jìn sì lè gbà ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ẹni tó bá rí koríko tútù ní ọjọ́ kẹta, tó wá sọ pé wọ́n ta omi fún òun, tó sì tún lọ fín ìgò kejì, ó fi owó rẹ̀ ṣòfò. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù ń sọ èyí fún gbogbo ẹni tó bá ra á, mo sì gbóríyìn fún wọn nítorí rẹ̀.

Ibi tí glyphosate ti kọjá gbogbo oògùn yòókù ni orí koríko ẹ̀kan. Ẹni tó bá ti fi ọkọ́ bá ẹ̀kan jà ní Kétu mọ̀ pé bí a ti ń gé e lókè ló ń rú láti ìsàlẹ̀, nítorí pé gbòǹgbò rẹ̀ ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ tó sì ní ojú rírú káàkiri. Glyphosate ń bá ṣúgà rìn láti inú ewé sọ̀kalẹ̀ lọ síbi tí ewéko ti ń kó oúnjẹ pamọ́, ó sì ń sé ọ̀nà amínò ásíìdì mọ́ ojú rírú wọ̀nyẹn níbi tí wọ́n wà. Nítorí náà ó gbọ́dọ̀ bá ewé tó pọ̀ tó sì ń ṣiṣẹ́. Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sun oko tán tí ẹ̀kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ orí, ewé kò tíì tó láti gba oògùn. Bí ọyẹ́ bá sì ti gbẹ ẹ́, ṣúgà kì í rìn mọ́, oògùn náà kì yóò sì rìn. Kí ó dé orókún kí ó sì tutù yọ̀yọ̀ ni ó dára. Òjò kò sì gbọ́dọ̀ rọ̀ láàárín wákàtí 6 tí a fín in.

Omi tí a fi pò ó ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Glyphosate máa ń so mọ́ amọ̀ àti irin inú ilẹ̀ pupa bíi tiwa yìí, bẹ́ẹ̀ ló sì ń so mọ́ kálísíọ́ọ̀mù inú omi líle. Omi odò tó ti dàrú lẹ́yìn òjò á ti gba apá kan agbára rẹ̀ kó tó kan ewé. Ìwà yìí kan náà ló ní àǹfààní rẹ̀: bó bá ti kan ilẹ̀, ó so mọ́ ọn, irúgbìn tí a bá gbìn lẹ́yìn rẹ̀ kì í sábà fà á. Ṣùgbọ́n bó bá kan ewé àgbàdo, ẹ̀wà tàbí ẹ̀gẹ́ tó ti wà lóko, yóò pa á, torí àwọn tí à ń gbìn níbí kò ní ààbò kankan sí i. Kí a fín in kí a tó gbìn ni tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́ ní ìsọ̀ yìí tí n kò fara mọ́. Ọmọkùnrin tó ń bá ìyá náà tajà sọ fún oníbàárà kan pé glyphosate kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan, nítorí pé ara èèyàn kò ní ọ̀nà tí ó ń dí. Òótọ́ wà nínú gbólóhùn náà: ara wa kò ní ọ̀nà shikimate, torí oúnjẹ ni a ti ń rí phenylalanine àti tryptophan. Ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé kò léwu. Ohun mìíràn tún wà nínú ìgò náà, bí ọṣẹ tó ń jẹ́ kí oògùn lẹ̀ mọ́ ewé, èyí tó ń ba ojú àti awọ ara jẹ́. Ẹni tó bá sì mu ún lè kú. Ní oṣù March 2015, àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ àjọ ìlera àgbáyé fi glyphosate sí ìsọ̀rí ohun tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ fún èèyàn, nígbà tí àwọn àjọ alábòójútó ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà sọ pé àwọn kò gbà bẹ́ẹ̀. Àríyànjiyàn náà kò tíì tán. Títí yóò fi tán, ìbọ̀wọ́, bàtà àti aṣọ alápá gígùn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ṣe àṣejù.

Nicosulfuron ni ìgò tí mo fẹ́ràn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, fún ẹni tí oko rẹ̀ jẹ́ àgbàdo nìkan. Ìgò lítà kan ní 40 g nínú, lítà kan náà sì tó hẹ́kítà kan. Ẹ fi wé glyphosate, tí ìgò lítà rẹ̀ máa ń ní 360 g, tí a sì lè lo lítà 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún hẹ́kítà oko ẹ̀kan. Ìran oògùn tí nicosulfuron ti wá ni George Levitt ṣàwárí rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ DuPont, àkọ́kọ́ nínú wọn sì wọ ọjà ní 1982. Ibi tó dojú kọ ni ẹ́ńsáìmù tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà leucine, isoleucine àti valine, èyí tí wọ́n ń pè ní acetolactate synthase. Bí ẹ́ńsáìmù yìí bá ti dúró, sẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ pín sí méjì kò ní lè pín, koríko á sì dáwọ́ dídàgbà dúró láàárín wákàtí díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú wa kò ní rí i ní ọjọ́ yẹn.

Ọ̀nà kan wà tí a fi lè mọ̀ pé ó ti ń ṣiṣẹ́ kí koríko tó yí àwọ̀ padà. Bí ó bá tó bí ọ̀sẹ̀ kan tí a fín in, ẹ di ewé tó wà láàárín gan-an mú, èyí tó ká bí ẹní, kí ẹ sì fà á sókè. Bó bá yọ wọ́ọ́rọ́ láìjà, tí ìdí rẹ̀ sì ti pọ́n tàbí tó ti dúdú, ojú tí koríko náà fi ń dàgbà ti kú, bí àwọn ewé àgbà tilẹ̀ ṣì tutù. Lára tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún, iṣan ewé máa ń pupa. Mo fi èyí han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan lóko, ó sì yé wọn ju gbogbo àlàyé orí pátákó lọ.

Kí ló dé tí àgbàdo kò fi kú? Àgbàdo náà ní ẹ́ńsáìmù acetolactate synthase, oògùn náà sì lè dí i. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àgbàdo ní àwọn ẹ́ńsáìmù mìíràn tó ń yára tú nicosulfuron palẹ̀ kó tó ṣe ọṣẹ́. Ẹ̀wà kò ní in tó, sóyà kò ní in tó, ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú kò yẹ kó fara kàn án. Ohun tó pa ẹ̀wà àbúrò mi nìyẹn. Àgbàdo fúnra rẹ̀ kì í rí i túká dáadáa bó bá ti dàgbà jù, nítorí náà kí ó wà láàárín ewé 2 sí ewé 8 ni wọ́n sọ. Ewu mìíràn tún wà tí ìwé ara ìgò kọ ní lẹ́tà wẹ́wẹ́, tí ìyá náà sì mọ̀, tó wú mi lórí púpọ̀: àwọn oògùn kòkòrò ìran chlorpyrifos máa ń dí àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń tú nicosulfuron palẹ̀ lọ́wọ́. Láti 2016 tí kòkòrò ajẹgbado ti Amẹ́ríkà ti wọ ilẹ̀ Áfíríkà, tí Benin sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, àwọn àgbẹ̀ wa ń fín oògùn kòkòrò léraléra, wọ́n sì fẹ́ràn láti po oògùn méjèèjì pọ̀ sínú ẹ̀rọ kan kí ìrìn lè dínkù. Àgbàdo tí a ṣe bẹ́ẹ̀ fún lè rọ, kó pọ́n, kó sì lọ́ bí okùn. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù kì í ta méjèèjì fún ẹnì kan náà láìjẹ́ pé wọ́n kìlọ̀ fún un.

Àléébù rẹ̀ ni pé koríko máa ń tètè mọ́ ọn lára. Ìyípadà kékeré kan lára ẹ́ńsáìmù náà ti tó láti jẹ́ kí oògùn má rí ibi dì mú, irúgbìn koríko tó bá sì ní ìyípadà yẹn ni yóò kún oko ní ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ń fín in ní ìgbà òjò àkọ́kọ́ àti ti èkejì, lọ́dọọdún, láìfi ọkọ́ tàbí oògùn ìran mìíràn sí i, ń yan koríko tó lágbára jù fún ara rẹ̀ ni.

Glufosinate ló wọ́n jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun sì ni n kò lè sọ pé kí gbogbo èèyàn rà. Ó ti ara ẹ̀dá wá: àwọn bakitéríà inú ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Streptomyces ló ń ṣe é, àwọn onímọ̀ sì rí i ní Jámánì ní nǹkan bí 1970 sí 1972. Ó jọ glutamate, nítorí náà ó ń wọ inú glutamine synthetase lọ, ó sì ń sé ẹnu ọ̀nà gan-an, ibi tí amóníà ti ń di ohun tó wúlò. Amóníà á kún ewé, glutamine á tán, iṣẹ́ oòrùn nínú klòròpílásítì á sì dojú rú. Fún ìgbà pípẹ́ ni wọ́n gbà pé amóníà tó kún náà ló ń pa ewé, ṣùgbọ́n ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019 fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ tí kò rí iṣẹ́ ṣe nínú ewé ló ń bí ọ̀sígínì olóró, òun ló sì ń jó ewé kíákíá. Èyí ló fi jẹ́ pé ó ń fẹ́ oòrùn. Bí a bá fín in láàárọ̀ ọjọ́ tí oòrùn mú, ewé lè ti rọ láàárín ọjọ́ méjì. Bí ọjọ́ bá ṣú tàbí tó bá di ìrọ̀lẹ́, agbára rẹ̀ á dínkù gan-an.

Nítorí pé ó ń yára jó ewé, kì í ráyè rìn lọ sí gbòǹgbò. Ẹ̀kan tí a fín in sí á jó lókè, inú olóko á dùn fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ̀kan á sì tún rú. Fún koríko kékeré tó wà láàárín igi ọsàn tàbí ọ̀pẹ, tí a kò fẹ́ kí oògùn wọ inú gbòǹgbò igi, ó dára. Fún oko ẹ̀kan, owó ló ń jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yẹn gbé e: ara èèyàn ní glutamine synthetase tirẹ̀, nínú ọpọlọ pàápàá, ẹni tó bá sì mu glufosinate lè bẹ̀rẹ̀ sí í gìrì ní wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tó ti dà bíi pé kò sí nǹkan. Ìyọ̀ǹda rẹ̀ ní Yúróòpù parí ní 2018.

Nípa ìsọ̀ náà fúnra rẹ̀, ìdíyelé wọn tọ́. Owó tí wọ́n ń pè kò ju ti àwọn tó wà ní ojú ọjà lọ, ó sì ń lọ sókè sódò bí náírà ṣe ń ṣe. Ọjọ́ tí oògùn parí agbára wà lórí ìgò tí mo yẹ̀ wò, òǹtẹ̀ ẹnu ìgò sì pé. Wọ́n ń to àwọn oògùn kòkòrò sí apá ọ̀tọ̀, wọn kò sì jẹ́ kí oòrùn máa pa wọ́n. Ìwé ara ìgò máa ń wá ní èdè Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì, ìyá náà sì ń fi Yorùbá túmọ̀ ìwọ̀n rẹ̀ fún ẹni tí kò lè kà á, wọ́n á tilẹ̀ fi ìdérí ìgò hàn án bó ṣe máa wọ̀n ọ́n sínú ẹ̀rọ.

Àléébù ńlá wọn ni pé wọ́n ń já ìgò fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó. Wọ́n á da díẹ̀ nínú glyphosate sínú ìgò omi mímu tó ti ṣófo, wọ́n á dé e, wọ́n á sì fi fún un láìkọ ohunkóhun sí i lára. Mo mọ̀ pé àgbẹ̀ tó ní ilẹ̀ kékeré kò nílò lítà kan, mo sì mọ̀ pé bí ìyá náà kò bá já a, ìsọ̀ kejì á já a. Ṣùgbọ́n ìgò omi nínú ilé tí ọmọdé wà kò ní ohun tó yà á sọ́tọ̀ fún ọmọ náà. Mo sọ fún wọn, wọ́n ní àwọn máa wá ìgò kékeré tó ní àmì. Nígbà tí mo padà lọ, ìgò omi ṣì wà lábẹ́ tábìlì.

Ẹni tí oko rẹ̀ kún fún ẹ̀kan, tí kò sì tíì gbìn nǹkan sí i, kó lọ ra glyphosate níbẹ̀, kó sì wá omi tó mọ́. Ẹni tó gbin àgbàdo nìkan, tí koríko rẹ̀ ṣì kéré, kó ra nicosulfuron, kó sì fi oògùn kòkòrò sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán. Ẹni tó gbin àgbàdo, ẹ̀wà àti ẹ̀gẹ́ sínú ilẹ̀ kan náà, bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń ṣe, kò sí ìgò kankan lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó lè wọ oko rẹ̀ lẹ́yìn tí irúgbìn ti yọ. Ìyá náà ń sọ èyí fún un lójúkojú, wọ́n á sì ta ọkọ́ fún un. Àwọn ọkọ́ náà dára, irin wọn le, wọ́n sì wà lẹ́yìn àpò yúríà lápá òsì bí a bá ti ń wọlé.